Àǹtí Gowon àti Ìwé Àyẹ̀wò Tí A Kò Lè Túmọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti ìdánwò, kì í sì í ṣe ti àròkọ tí olùkọ́ ní ká kọ. Ọ̀rọ̀ ìwé kan ni, ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ ní láàbù, tí obìnrin kan nà sí wa ní Gowon Estate, tó sì sọ pé: "Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, ẹ wá ka èyí fún mi ní Yorùbá." Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè kà á nínú wa.

Àbúrò ìyá ọ̀kan nínú wa ni obìnrin náà. Àǹtí Gowon ni gbogbo wa ń pè é nítorí ibi tó ń gbé, bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ní Bọ̀dá Ìbàdàn tàbí Ìyá Abẹ́òkúta. Orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó ṣe olórí ìjọba Nàìjíríà láti 1966 sí 1975, ni wọ́n fi pe ẹ́sítéètì yìí, ní ìhà Ìpájà ní Alímọ̀ṣọ́. Télọ̀ ni Àǹtí. Ìsàlẹ̀ ilé alájà tó ń gbé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, dígí gígùn kan, àti bẹ́ǹṣì tí ẹni tó ń dúró de aṣọ àti ẹni tó kàn wá ṣeré jọ máa ń jókòó sí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022 ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó gba oṣù mẹ́jọ. Ìpele kìn-ín-ní la wà nígbà náà. Nígbà tí jíjókòó sílé sú wa, a ní ká lọ kọ́ iṣẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ Àǹtí. Kò jẹ́ ká fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àkísà ló kó fún wa, ihò bọ́tìnnì ló sì ní ká máa gé, ká máa rán etí rẹ̀. "Tí ihò bá tóbi ju bọ́tìnnì, aṣọ á máa já sílẹ̀. Tó bá kéré jù, bọ́tìnnì ò ní wọlé. Ẹ gé e kó bá a mu." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ihò bọ́tìnnì yìí sọ́kàn. A máa padà síbẹ̀.

Oṣù Kẹrin ló sọ fún wa. Ó ń wọn ara oníbàárà kan tán ni, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ló bá sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ owó iná, pé kókó kan wà nínú ọyàn òun ọ̀tún, pé kò dun òun, pé ó ti lé ní oṣù márùn-ún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà láàárín wa figbe ta. Àǹtí wò ó, ó ní: "Ohun tí kò dunni, ta ló máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

A tẹ̀lé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Dókítà ní òun máa fi abẹ́rẹ́ ńlá gé díẹ̀ nínú kókó náà, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù. Lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, nọ́ọ̀sì jáde sí wa, ó ní omi fọ́málínì ti tán lọ́dọ̀ àwọn, ká sáré lọ ra á. A sáré lóòótọ́. Ilé oògùn mẹ́ta la yà, wọn ò ní in. Ẹnì kan wá júwe Ọ̀jọ́ta fún wa, níbi tí wọ́n ti ń ta kẹ́míkà. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ọ̀nà láti Alímọ̀ṣọ́ dé Ọ̀jọ́ta lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, tí òjò sì rọ̀ sí i, ẹ ti mọ ìyókù. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú wa lọ, ó tún mú wa bọ̀. Nígbà tí a fi padà dé, agogo mẹ́ta ti kọjá. Ẹran ara Àǹtí wà nínú gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi omi iyọ̀ rẹ, lórí àwo kékeré kan. Nọ́ọ̀sì gba fọ́málínì, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó ju ẹran náà sí i, a sì gbé e lọ sí láàbù lọ́jọ́ kejì. Inú wa dùn pé a jíṣẹ́.

Àbájáde àkọ́kọ́ sọ pé jẹjẹrẹ ni. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lẹ́nu: ohun tó ń jẹ, tó tún ń jẹ, díẹ̀díẹ̀. Àǹtí kò sunkún. Ó ní ká bá òun ka aṣọ tó wà nílẹ̀, kí òun mọ èyí tí òun lè rán tán kí òun tó wọ ilé ìwòsàn. Dókítà ní àyẹ̀wò kan ṣì kù tí wọ́n máa ṣe lára ẹran kan náà, owó rẹ̀ sì tó ohun tí Àǹtí ń rí nídìí aṣọ fún oṣù méjì. Ẹbí dáwó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé dé. Ìwé tí a ń wí nìyẹn.

ER: negative. PR: negative. HER2: negative.

"Ẹ kà á fún mi ní Yorùbá."

Ọ̀kan nínú wa sọ pé: "Àǹtí, nẹ́gẹ́tíìfù ni gbogbo ẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan." Lójú wa, nẹ́gẹ́tíìfù ni ohun tí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ń gbàdúrà kó jẹ́ tirẹ̀. Mẹ́ta sì ni wọ́n fún Àǹtí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n ra mílíkì tútù fún àwọn ọmọ tó wà nítòsí. Lọ́jọ́ Ajé, a tẹ̀lé Àǹtí lọ sọ́dọ̀ dókítà pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Dókítà ka ìwé náà, kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Màmí, ẹ jókòó."

Ohun tó ṣàlàyé fún wa lọ́jọ́ náà, àti ohun tí a ti kà sí i láti ìgbà náà wá, la fẹ́ sọ fún yín bí a ṣe lè sọ ọ́.

Jẹjẹrẹ ọyàn kì í ṣe ẹyọ àrùn kan ṣoṣo. Ara obìnrin ń ṣe họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní estrogen àti progesterone. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà rìn káàkiri. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń kọjá lára rẹ̀ láìṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ní ohun tó lè gbà wọ́n mú, wọ́n á so mọ́ ọn, sẹ́ẹ̀lì náà á sì gba àṣẹ pé kó máa dàgbà, kó máa pọ̀. Ohun tó ń gbà wọ́n mú yìí ni òyìnbó ń pè ní receptor. Àwọn jẹjẹrẹ kan ní in, wọ́n sì ń fi họ́mọ̀nù ara obìnrin náà ṣe oúnjẹ. Àwọn mìíràn kò ní in rárá. ER ni ti estrogen, PR ni ti progesterone. HER2 kì í ṣe ti họ́mọ̀nù, ohun mìíràn ni lára sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kó pọ̀ ní kíákíá, tó sì ní oògùn tirẹ̀.

Nítorí náà, nẹ́gẹ́tíìfù nínú ìwé yìí kò sọ pé àrùn kò sí. Ohun tó ń sọ ni pé àrùn wà, àmọ́ kò ní ibi tí oògùn họ́mọ̀nù lè gbà mú un. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nẹ́gẹ́tíìfù túmọ̀ sí pé nínú oríṣi oògùn tó wà nílẹ̀, púpọ̀ ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ aláìsàn, kímò ló máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Kì í ṣe ìdájọ́ ikú, àwọn tó ní irú rẹ̀ ń yè é. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí à ń se ìrẹsì lé lórí.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ díẹ̀. Ní 1896, dókítà kan ní Glasgow, George Beatson, kọ ọ́ jáde pé òun yọ ilé ẹyin obìnrin kan tí jẹjẹrẹ ọyàn ti bá wọra, kókó náà sì fà sẹ́yìn. Àwọn mìíràn gbìyànjú rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, kò ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ ni Elwood Jensen, ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, fi àmì sára estrogen kó lè máa tọpa rẹ̀ nínú ara, ó sì rí i pé àwọn ibì kan ń dì í mú, àwọn ibi yòókù sì ń jẹ́ kó lọ. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nípa receptor nìyẹn. Ní yunifásítì kan náà lónìí ni Olufunmilayo Olopade wà, ọmọ Yorùbá tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn, tó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdí jẹjẹrẹ ọyàn lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú.

Dókítà wá yí ojú ìwé náà padà sí wa, ó fi ìka sí ìlà tó gbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó kà á dé ibẹ̀ nínú wa. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè, tí wọ́n ń kọ́ pé kí a má fojú fo gbólóhùn kan, a dúró síbi tí inú wa ti dùn. Ìlà náà sọ pé àwọn ojú ihò ọyàn tó dára, tó wà nínú ẹran kan náà, kò gba àwọ̀, nítorí náà kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe lára ẹran mìíràn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà ló máa jẹ́ kí èyí yé yín. Wọ́n á rẹ ẹran náà sínú fọ́málínì, wọ́n á fi ìda mọ ọ́n, wọ́n á wá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Wọ́n á da ohun tó ń wá receptor kiri sí i. Níbi tó bá ti rí i, á lẹ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ búráùn á sì jáde. Níbi tí kò bá sí, aró búlúù nìkan lèèyàn máa rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kà á. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2010 sọ pé tí ẹyọ 1 péré bá gba àwọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ 100, pọ́sítíífù ni kí wọ́n pè é. Ẹran ọyàn tó dára máa ń ní receptor díẹ̀. Tí òun náà bá jáde láìní àwọ̀ kankan, á jẹ́ pé ẹran náà ló ti bàjẹ́, tàbí iṣẹ́ ni kò lọ dáadáa. Nẹ́gẹ́tíìfù bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbára lé.

Dókítà bi wá pé: "Aago mélòó ni wọ́n gé ẹran yìí, aago mélòó ló wọ fọ́málínì?"

A wo ara wa. Ìlànà ni pé kí ẹran náà wọ fọ́málínì kí wákàtí kan tó pé, kó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 6 sí 72. Tiwa ti lo wákàtí márùn-ún nínú gọ́ọ̀sì. Àwa la wà nínú mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí Àǹtí wa nìkan. Ní 2008, Adebamowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 192, nǹkan bí 65 nínú 100 ló ní receptor estrogen. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Dezheng Huo, Olopade àti àwọn mìíràn tẹ tiwọn jáde lórí obìnrin 507 láti Nàìjíríà àti Senegal, 24 péré nínú 100 ló ní in. Ẹ wo bí méjèèjì ṣe jìnnà síra! Ohun tó lè fà á kò ní jẹ́ ẹyọ kan. Lóòótọ́ ni irú tó jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lára àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ti àwọn òyìnbó lọ. Àmọ́ bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹran náà kó tó dé láàbù wà lára ohun tó lè yí iye náà padà. Nígbà tí a ka ìwádìí méjèèjì, ohun tó wá sí wa lọ́kàn ni àwo kékeré yẹn, àti àwọn ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ yíyára bíi tiwa tí wọ́n wà nínú dáńfó kan níbì kan, tí wọ́n ń wá fọ́málínì kiri.

A jẹ́wọ́ fún Àǹtí lálẹ́ ọjọ́ náà. A kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Ó dákẹ́ títí, ó ní: "Ẹ dìde. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló pẹ́, ẹ̀yin kọ́." Lẹ́yìn náà ló fi kún un pé: "Àmọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ra á sílẹ̀."

Ilé ìwòsàn ńlá kan ló ti ṣe iṣẹ́ abẹ lóṣù Kẹsàn-án, wọ́n gé ọyàn náà. Wọ́n ní fọ́málínì tiwọn, síbẹ̀ ìgò kan wà nínú báàgì wa láti ọjọ́ méjì ṣáájú. A bẹ nọ́ọ̀sì kó kọ aago tí wọ́n gé e àti aago tó wọ inú ìgò sára ìwé. Ó wò wá bíi pé orí wa kò pé, àmọ́ ó kọ ọ́.

Ìwé kejì dé lóṣù tí ASUU padà sẹ́nu iṣẹ́. ER: positive, 90%. PR: positive, 60%. HER2: negative.

Lọ́tẹ̀ yìí, Àǹtí fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tí kò sunkún nígbà tí wọ́n pe jẹjẹrẹ bú sẹ́kún nídìí ẹ̀rọ. Oníbàárà kan tó wà lórí bẹ́ǹṣì yọjú wo ìwé náà. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ ti yí ilé mẹ́ta ká pé Ìyá Télọ̀ ní pọ́sítíífù. Irú pọ́sítíífù tí wọ́n ní lọ́kàn kò ṣòro mọ̀, àìsàn tí wọ́n ń kéde lórí rédíò ni. Ẹni méjì wá gba aṣọ wọn padà láìrán. Ọ̀kan sọ pé òun ń rìnrìn àjò. Ọjà Gowon la ti rí i lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ yẹn la mọ̀ pé ìtumọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì nìkan. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ti jẹ́ ká yọ̀ níbi tó yẹ ká kẹ́dùn, èkejì rẹ̀ sì ń lé oníbàárà níbi tó yẹ ká dúpẹ́.

A jókòó ti Àǹtí, a ní ká wá Yorùbá fún un. A kọ́kọ́ pe receptor ní "olùgbà". Ó ní: "Olùgbà wo? Ẹni tó ń gba owó mọ́tò?" A ní "agbọ̀mọ́nù". Ó ní ìyẹn dà bí orúkọ òrìṣà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa la wá ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ láìsọ orúkọ rẹ̀: pé estrogen ń wọ ibì kan lára jẹjẹrẹ náà, pé ohun tí kò bá bá ibẹ̀ mu kò lè wọ̀ ọ́, pé oògùn kan wà, tamoxifen, tó máa lọ jókòó síbẹ̀ kí estrogen tó dé, tí kò sì ní jẹ́ kó ráyè. Àǹtí gbé ẹ̀wù tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ki ìka bọ ihò rẹ̀.

"Ṣé ihò bọ́tìnnì lẹ ń sọ látàárọ̀?"

A ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Jẹjẹrẹ yìí ní ihò. Họ́mọ̀nù ni bọ́tìnnì ẹ̀. Oògùn yẹn, bọ́tìnnì ayédèrú ni, tó máa dí ihò pa. Kí ló wá dé tí mo ń sunkún?"

Òun gan-an ló ṣàlàyé fún àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń fi ẹ̀wù hàn wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tó gba aṣọ padà tún kó o wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò sọ nǹkan kan, Àǹtí náà kò bi í. Àwa kọ ìwé kékeré kan fún un, ó wà nínú fáìlì ilé ìwòsàn rẹ̀ títí di òní:

"Wọ́n yẹ jẹjẹrẹ náà wò. Ó ní ihò fún estrogen: nínú sẹ́ẹ̀lì 100, 90 ló ní in. Ó ní ihò fún progesterone: 60 nínú 100. Kò ní HER2 tó pọ̀. Oògùn wà tó lè dí ihò náà."

Ìṣẹ́jú méjì ni kíkà rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ló gbà wá kí a tó lè kọ ọ́.

Lẹ́yìn kímò, Àǹtí bẹ̀rẹ̀ tamoxifen ní 2023, hóró kan lóòjọ́. Kì í ṣe oògùn tuntun, àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ṣe é ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà nínú ìwé oògùn kòṣeémánìí ti àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Nígbà tí wọ́n kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2011, wọ́n rí i pé fún àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ní receptor estrogen, lílo ó fún ọdún márùn-ún ń dín ikú tí àrùn náà ń fà kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, láàárín ọdún 15. Fún ẹni tí kò ní ihò, kò wúlò. Ìdí nìyẹn tí ìwé àkọ́kọ́ ì bá fi gba oògùn yìí lọ́wọ́ Àǹtí, ká ní dókítà kò ka ìlà tó gbẹ̀yìn.

Oògùn náà ń mú ooru bá a lóru. Ó ní òun máa ń jí, òun á fi ìwé aṣọ fẹ́ ara òun, òun á ka iye ọdún tó kù. Ọdún 2028 ni yóò pé márùn-ún.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, tí ẹ bá tẹ̀lé ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó yín lọ sí irú àyẹ̀wò yìí, ẹ béèrè bóyá fọ́málínì wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Ẹ ní kí wọ́n kọ aago sílẹ̀. Tí ìwé bá dé, ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó dúpẹ́ tàbí kí ẹ tó sunkún. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ní Yorùbá fún receptor tó dára ju ihò bọ́tìnnì lọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. A máa gbé e lọ sí Gowon Estate, Àǹtí á sì sọ bóyá ó bá a mu.